Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Ní Àtúnṣe Ilé

Táàpù tó ń jò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá tún un ṣe á fojú ara rẹ̀ rí i pé omi ti dá. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà, mo ní kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Wọ́n pa á, wọ́n wá ṣí táàpù kí èyí tó kù nínú páìpù dà jáde. Wọ́n fi aṣọ dí ihò bésìnì kí skúrù má baà kó sínú rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tú orí táàpù, tí wọ́n yọ wọ́ṣà róbà inú rẹ̀. Mo jẹ́ kó ti ọwọ́ dé ọwọ́: ó ti le gbagidi, etí rẹ̀ kan sì ti jẹ. Ibẹ̀ ni omi ń gbà yọ́ jáde, bí èèyàn tilẹ̀ ti táàpù náà pa pátápátá. Wọ́n wá èyí tó bá a dọ́gba, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mo káwọ́ sẹ́yìn. Bí olùkọ́ bá ń gba sípánà lọ́wọ́ ọmọ, kí ni ọmọ yóò mọ̀? Ìbéèrè nìkan ni mo fi ń tọ́ wọn.

Ògiri tó lanu ló kàn. Wọ́n fẹ́ rọ́ sìmẹ́ńtì lé e lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n wọ awò ìdáàbòbò, wọ́n fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ ojú sísán náà títí inú rẹ̀ fi fẹ̀ ju ẹnu lọ, wọ́n gbá eruku kúrò, wọ́n wọ́n omi sí i. Ògiri gbígbẹ máa ń fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, ọ̀rinrin yìí gan-an ni sìmẹ́ńtì sì nílò kó tó lè le. Ìwọ̀n yanrìn 4 sí ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 la pò, ká tó fi dí ojú sísán náà.

Ní ti iná, bí wọ́n ṣe ń pa á láti orísun ni mo kọ́ wọn. Ìyókù di ti oníṣẹ́ iná.

Nígbà ìdánwò, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní táàpù tó ń jò, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ lọ pa omi ni mo fún ní máàkì tó pọ̀ jù, kódà bí kò tíì parí iṣẹ́.