Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìwé Ìtàn Yorùbá Àtijọ́ Rí, Kí Ẹ sì Kà Á Dópin

Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí D.O. Fágúnwà ní 1903, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ìlú Oǹdó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó tó mọ orúkọ ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ni kò kà á dópin rí. Ìyẹn sàn, torí pé ó ṣì wà ní ọjà. Àwọn tó ń pòórá lójú wa ni irú Aiyé d'Aiyé Òyìnbó tí Isaac Délànọ̀ tẹ̀ jáde ní 1955, Kúyẹ̀ tí J.F. Ọdúnjọ kọ, àti ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I.B. Thomas ń gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930. Àwọn ìwé wọ̀nyí ṣì ṣeé rí, bí a bá mọ bí a ṣe ń béèrè wọn.

Orúkọ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta kí ẹ tó jáde nílé: ní àkọtọ́ àtijọ́, ní àkọtọ́ òde òní, àti láìsí àmì kankan. Èyí tí kò ní àmì ni yóò ṣiṣẹ́ jù lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé àti lórí WorldCat, àkójọ orúkọ ìwé àwọn ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tẹ “aye” níbi tí ìwé ti kọ “aiye” lè gbà pé ìwé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí àtẹ. Àwọn kan máa ń kọ “Irunmole” dípò “Irunmale” tó wà lára ìwé Fágúnwà, ìyẹn náà á dí wọn lọ́nà. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ẹ fi orúkọ òǹkọ̀wé nìkan wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé wọn ni ìwé tó ṣọ̀wọ́n pọ̀ sí jù. Ẹ má kàn wọlé kí ẹ ní “Ìwé dà?” Ẹ kí Bàbá tàbí Màmá dáadáa, ẹ béèrè ìwé lítíréṣọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọmọ láyé ìgbà tiwọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ti wọn tán. Ẹ má béèrè pé kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fọ́tò ojú ìwé tí àkọlé wà, àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, ti tó. Ọdún tó ṣáájú níbẹ̀ ni ìwé kọ́kọ́ jáde, èyí tó kẹ́yìn ni ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà méjì lè yàtọ̀ ní àkọtọ́ àti ní nọ́ńbà ojú ìwé, torí náà orúkọ orí ni kí ẹ máa fi tọ́ka.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, “lítíréṣọ̀ Yorùbá” ni kí ẹ béèrè, torí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Ní ilé ìkàwé Yunifásítì Adéyẹmí tó wà ní Oǹdó àti ti Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì béèrè àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ láti fi gba oyè. Ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fún yín ní orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í tà mọ́. Bí ó bá di dandan, ẹ lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí òfin ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí.

Ìwé dé ọwọ́ yín wàyí, àmọ́ ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ohun tó ti wà ṣáájú rẹ̀ lè dà bí èdè àjèjì: “enia” ni ènìyàn, “nwọn” ni wọ́n, “yio” ni yóò, “on” ni òun, “obirin” ni obìnrin, “na” ni náà. “Nigbati” àti “nitoripe” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀. Àmì ìgbì lórí fáwẹ̀lì, bí i “bẹ̃ni”, túmọ̀ sí pé fáwẹ̀lì náà gùn: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sórí bébà kékeré, kí ẹ fi há inú ìwé.

Ẹ kà á sókè. Èyí kì í ṣe àṣà lásán: àmì ohùn kò pé nínú ìwé wọ̀nyẹn, etí ni yóò sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ náà bá gbólóhùn mu. Ojú ìwé méjì lójúmọ́ tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbólóhùn Fágúnwà gùn gan-an, ẹ máa mí níbi kọ́má. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nítòsí, ẹ kà á sí i létí, òun ni yóò tún ohùn yín ṣe.

Ní ti ìtumọ̀, Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kà ní orí kan, kí ẹ tó ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, ohùn olùtumọ̀ á gba orí yín, ẹ ò sì ní gbọ́ ti òǹkọ̀wé mọ́. Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ ní 1968. Iṣẹ́ akéwì ni, kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Dapo Adeniyi túmọ̀ Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti Fágúnwà ní 1994. Ti Sẹ̀gilọlá rọrùn jù fún èyí, torí Karin Barber gbé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sínú ìdì kan ṣoṣo ní 2012. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yá lẹ́nu ju Yorùbá lọ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì: Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ Aké ti Soyinka àti Ikú Olókùn-Ẹṣin sí Yorùbá tó dán mọ́rán. Eré onítàn ni Ikú Olókùn-Ẹṣin, ẹ kà á ní ẹni méjì, ẹ pín ipa.

Ìtọ́jú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bébà àtijọ́ ń pọ́n, ó ń fọ́, torí ásíìdì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣí ìwé náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri nítorí ìkán àti ọ̀rinrin. Ní àsìkò òjò, ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù. Ẹ yà á ní fọ́tò lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná kámẹ́rà, fún ìkàwé ara yín nìkan. Fágúnwà kú ní 1963, òfin Nàìjíríà sì dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ìwé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp títí di ìparí 2033. Èyí tó wà ní ọjà, ẹ rà á. Èyí tí kò sí ní ọjà mọ́, ẹ kọ àkọlé, ọdún àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fún olùtọ́jú ilé ìkàwé tó súnmọ́ yín.