Bí a ṣe ń gba iṣẹ́ tó jù wá lọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, obìnrin kan pè mí ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ìjọ wọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ kàǹpálà ìdì 120, yáàdì márùn-ún ní ìdì kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan náà, ọnà kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ẹ máa lè ṣe é?" Mo ní, "A máa ṣe é, mà."

Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì pa ju ìdì mẹ́jọ láró lẹ́ẹ̀kan rí. Okùn ìsáṣọ mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí aró ládùúgbò wa kì í gba iṣẹ́ ńlá lásìkò òjò. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kó aṣọ fún ìjọ náà tán ni ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ mi mú, tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìdì 120, nínú òjò yìí? Àwa kì í dán an wò." Ká ní mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn kí fóònù tó dún ni, ǹ bá ti ní kí obìnrin náà wá ẹlòmíràn.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bèèrè bí àwọn náà ṣe lè láyà. Àyà mi kò le ju tiwọn lọ. Ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà àti ohun tí mi ò mọ̀ ló gbà mí, mo sì ti rí i láti ìgbà náà pé ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ to méjèèjì bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń tò ó ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé mo lè ṣe ẹyọ kan kó dára? Ẹ má tíì bèèrè bóyá ẹ lè ṣe ọgọ́fà. Tí ẹyọ kan kò bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ sọ pé rárá, kí ẹ lọ kọ́ ọ. Ní tèmi, ìdì kan kò ṣòro, ìdì mẹ́jọ sì ti di ohun tí mò ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo mú ìwé ọmọ mi, mo pín 120 sí mẹ́jọ mẹ́jọ, ó di ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo ní. Tí mo bá ń ṣe mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà á ṣẹ́kù fún òjò tàbí fún àìsàn. Láti ìgbà yẹn ni 120 ti kúrò lójú mi. Mẹ́jọ ni mò ń jí bá ní gbogbo àárọ̀.

Tóbi, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì, ló sọ ìtàn George Dantzig fún mi, mo sì ní kó tún un sọ nígbà tó parí. Ní 1939, akẹ́kọ̀ọ́ ni Dantzig ní Yunifásítì California ní Berkeley, lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Jerzy Neyman. Lọ́jọ́ kan ó pẹ́ dé kíláàsì. Ó bá ìbéèrè méjì lójú pátákó, ó rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni, ó dà wọ́n kọ, ó lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó mú ìdáhùn wá, ó bẹ̀bẹ̀ pé ó pẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ní ó jọ pé wọ́n le díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Neyman ní kó jù ú sórí tábìlì òun, tí bébà ti kún bo. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ń lu ilẹ̀kùn Dantzig gbàgbàgbà, bébà lọ́wọ́. Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbéèrè olókìkí ni wọ́n nínú ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní statistics, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí ìdáhùn wọn. Nígbà tí Dantzig wá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, Neyman ní kó di ìdáhùn méjèèjì pọ̀ kó mú un wá, òun á gbà á.

Ẹ wo ohun tí ọmọkùnrin yẹn kò mọ̀. Ìṣirò kọ́. Ìṣirò wà lórí rẹ̀ dáadáa. Orúkọ burúkú tí ìbéèrè náà ti ní láàárín àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ni kò mọ̀, nítorí pé ó pẹ́ dé. Tó bá jẹ́ pé ó tètè dé, tó gbọ́ àlàyé, mo rò pé yóò kàn dà wọ́n kọ bí àwọn yòókù ni, kó pa ìwé rẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n mọ iṣẹ́ dé eegun, kí wọ́n sì pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn tó ṣubú.

Báwo la ṣe ń ṣe ìyẹn? Nípa ìbéèrè tí à ń gbé lọ bá àgbà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ náà, mo lọ kí ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé ó ṣeé ṣe?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń rí aṣọ gbẹ lásìkò òjò?" Wọ́n rò pé ìdì mẹ́jọ mi ni mò ń wí, wọn ò sì bèèrè iye. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ aṣọ ju oòrùn lọ. Wá òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá." Òótọ́ ni, ó sì wúlò fún àwọ̀ náà pẹ̀lú: búlúù la fẹ́, aṣọ búlúù sì máa ń jáde nínú aró bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ìbéèrè "ṣé ó ṣeé ṣe" ì bá ti fún mi ní ìtàn àwọn tí òjò bá aṣọ wọn jẹ́. Ìbéèrè "báwo" fún mi ní òrùlé. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ju àáké.

Ilé kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí wọn ò tíì parí, ó ti ní òrùlé, kò ní fèrèsé. Mo wá onílé kàn, mo gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ta okùn mẹ́rìndínlógún síbẹ̀. Àárọ̀ la ń fi fóòmù tí a gé tẹ ìda sára aṣọ, ọ̀sán la ń pa á láró, ìrọ̀lẹ́ la ń fi omi gbígbóná yọ ìda. Ọjọ́ kẹta ni mo ṣàṣìṣe: mo fi ìyókù aró àná ṣe ti ọjọ́ náà kí owó má baà pọ̀, ìdì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì jáde ní àwọ̀ tí kò bá ti yòókù mu. A tún wọn pa, ọjọ́ kan lọ nínú mẹ́fà tí mo fi pamọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi òṣùwọ̀n wọn aró, tí mo sì ń po tuntun lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ máa sọ fún: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí yóò ṣe níbẹ̀ nìkan ni kó gbọ́. Mo ṣèèṣì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àbúrò." Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ti owó ni ẹ má fi ojú kékeré wò. ₦4,000 ni mo pe ìdì kan, mo sì gba ₦340,000 sílẹ̀ kí n tó ra yáàdì kan. Lálẹ́, mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé: bí gbogbo rẹ̀ bá bàjẹ́, ₦340,000 ni gbèsè tí màá san padà. Mo kọ fìrísà mi sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjì, mo kọ àjọ oṣù mẹ́fà. Ó tó o. Ó máa dùn mí, ṣùgbọ́n kò ní pa mí, kò sì ní kan ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n yẹn ni mo ń pè ní ìgboyà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé màá ṣàṣeyọrí.

Ní 2018 mo gbàgbé òṣùwọ̀n náà. Àwa obìnrin méje la dá owó jọ láti ra aró púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú, èmi ni wọ́n fọkàn tán. Mo san gbogbo owó fún oníṣòwò kan kí ọjà tó dé, nítorí pé iṣẹ́ ìjọ ti kì mí láyà. A ò rí ọjà, a ò rí i. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san owó àwọn mẹ́fà yòókù padà, díẹ̀díẹ̀, mo sì tún ń pàdé wọn lọ́jà lójoojúmọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Owó ara yín ni kí ẹ fi láyà. Tí owó ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ẹ lọ ka gbogbo ìtàn àwọn tó ṣubú, kí ẹ kà á tán.

Bákan náà ni ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe. Kọ́sítíìkì tí à ń fi po aró kò mọ ẹni tó láyà. Inú omi la ń da kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láéláé, torí á hó, á sì ta síni lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, ó máa jẹ ẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo ti rí ọmọ kan tó fi ojú ọ̀tún rẹ̀ kọ́ èyí, ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí.

Tí ìpè bá wá sọ́dọ̀ mi nísinsìnyí, mo máa ń tọrọ wákàtí méjì. Ó tó láti wo ẹyọ kan, láti kọ gbèsè sílẹ̀, láti ronú ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Mi ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, nítorí òru ni ẹ̀rù ń ka orúkọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ jáde lọ́dọ̀ mi pè mí láti Ìbàdàn. Iléèwé kan fẹ́ ìdì 200, ó sì ti gbà á. Kò bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, ilé tẹ́ ẹ gbà nígbà yẹn, èló lẹ san, ṣé ẹ san án lẹ́ẹ̀kan ni?" Mo ní ₦15,000 ni, ìdajì rẹ̀ ni mo san kí n tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo bi í bóyá ó ti ra ìbọ̀wọ́.