Bí a ṣe yan láàárín AP àti dual credit fún ọmọ wa ní Houston

Oṣù Kejì ni ilé ìwé ọmọ mi máa ń ní kí wọ́n yan kíláàsì tí wọ́n máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Kíláàsì kẹwàá ló wà nígbà náà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ pé dókítà lòun fẹ́ ṣe. Ó gbé fọ́ọ̀mù wá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní a lè ṣe AP, wọ́n ní a lè ṣe dual credit, wọn ò sì ní pẹ́ gbà á." Èmi tó jẹ́ WAEC àti JAMB ni mo mọ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mo bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n má dán community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà ládùúgbò, wò, ó ní àwọn tí yunifásítì kò gbà ló ń lọ síbẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ní irọ́ ni, ó ní ọmọ tòun ti kó kírẹ́dítì yunifásítì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdún kan jọ níbẹ̀ kó tó jáde high school. Kálukú ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé yunifásítì wo ni ọmọ náà ń lọ, kí ló sì fẹ́ lọ kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. College Board tó ń ṣe SAT náà ló ni AP. Tíṣà ilé ìwé ọmọ yín ló máa kọ́ ọ, tó bá wá di Oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà káàkiri Amẹ́ríkà á jókòó ti ìdánwò kan náà. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Máàkì kíláàsì lọ́tọ̀, ti ìdánwò lọ́tọ̀: ọmọ lè máa gba A lọ́wọ́ tíṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó wá gba 2 nínú ìdánwò, kírẹ́dítì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà A-level wọ yunifásítì nílé á tètè lóye rẹ̀. Owó ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń lọ sí nǹkan bíi $100, wọ́n máa ń dín in kù fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, Oṣù Kọkànlá ni ìforúkọsílẹ̀ sì ti máa ń parí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Ẹ má dúró de Oṣù Karùn-ún o.

Dual credit ni wọ́n ń pe ti community college ní Texas. Ọmọ á forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kíláàsì kan ló máa ṣe, àmọ́ high school á kà á fún un, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà á kà á fún un. Kò sí ìdánwò àpapọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àròkọ tó bá kọ, quiz tó bá ṣe àti ìdánwò olùkọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa fi fún un ní máàkì. Ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń já nínú gbọ̀ngàn ìdánwò á rí ara gba níbẹ̀ ju AP lọ. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n máa ń ní kó ṣe TSIA, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe, àyàfi tí máàkì SAT rẹ̀ bá ti ga tó. Òfin House Bill 8 ti ọdún 2023 sì dá ètò kan tó ń jẹ́ FAST sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí oúnjẹ ẹ̀dínwó nílé ìwé kò ní san kọ́bọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wà nínú ètò náà.

Ó yá, ìgbésẹ̀ wa. Mo ní kí ọmọ mi kọ orúkọ yunifásítì tó wù ú sórí ìwé. Ó kọ UT Austin, ó kọ Texas A&M, ó kọ University of Houston, ó wá fi Rice sí ìsàlẹ̀, ó ní ìyẹn jẹ́ ti àdúrà. A jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ń wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà. Àwọn yunifásítì ìjọba Texas kò le: òfin kan láti 2015 ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọmọ tó bá gba 3 sókè nínú AP ní kírẹ́dítì, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kí máàkì náà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dual credit náà kì í ní wàhálà láàárín wọn, pàápàá àwọn kíláàsì tó wà nínú wákàtí kírẹ́dítì 42 tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe. ENGL 1301, ìyẹn kíláàsì àròkọ ní community college, ló di RHE 306 tó bá dé UT Austin. Rice, tó jẹ́ yunifásítì aládàáni, ń wá 4 tàbí 5 nínú AP ní tirẹ̀. Àwọn yunifásítì aládàáni kan sì wà tí kò ní gba dual credit rárá tí wọ́n bá ti fi kíláàsì náà ka ọmọ yege ní high school. Tó bá jẹ́ yunifásítì olówó gọbọi tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni ọmọ yín ń fojú sùn, AP ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́.

Ọ̀rọ̀ ipò ọmọ nínú kíláàsì ló tẹ̀ lé e. Láti 1997 ni òfin Texas ti ní kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún nílé ìwé rẹ̀. UT Austin nìkan ló yàtọ̀: ìdá márùn-ún ló kù sí fún àwọn tó wọlé ní 2026. Mo pe olùdámọ̀ràn ilé ìwé, ó ka ìwé ìlànà sí mi létí: tí wọ́n bá ń ṣírò ipò, A nínú AP jẹ́ 5.0, A nínú dual credit jẹ́ 4.5. Áà! Ọmọ tó bá ṣe dual credit nìkan ládùúgbò wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe AP á yọ lé e lórí bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ẹ béèrè ti àdúgbò tiyín, nítorí àwọn ibòmíràn wà tí méjèèjì dọ́gba.

Ibi tó gba àkókò wa jù ni ti ilé ìwé ìṣègùn. Ètò ìforúkọsílẹ̀ TMDSAS ni wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn ní Texas, AMCAS ni ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù. Méjèèjì ló ń béèrè máàkì gbogbo kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí èèyàn ti ṣe rí, títí kan èyí tó ṣe nígbà tó wà ní high school, wọ́n á sì kà á mọ́ GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: C tí ọmọ ọdún 16 gbà nínú kẹ́mísìrì ní community college ṣì ń dúró dè é nígbà tó bá di ọmọ ọdún 21. AP kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ìdánwò bá bàjẹ́, ọmọ lè má fi máàkì náà ránṣẹ́ síbì kankan. Ọkọ mi ní ṣé kì í ṣe pé àwọn ilé ìwé ìṣègùn mìíràn kì í fẹ́ kí wọ́n fi AP rọ́pò kẹ́mísìrì àti bàólọ́jì? Òótọ́ ni. Èsì mi ni pé tó bá tún un ṣe ní yunifásítì, kò ní jẹ́ ohun àjèjì sí i mọ́, máàkì A á sì sún mọ́ ọn.

Bá a ṣe wá pín in nìyí: AP Chemistry àti AP Calculus AB nílé ìwé, ENGL 1301 àti 1302 ní community college. Mi ò bẹ̀rù ti àròkọ, nítorí ọmọ yẹn ti ń kọ̀wé láti kékeré, mo sì mọ̀ pé A lọ́wọ́ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì á wúlò ju ìdánwò ọjọ́ kan lọ fún un. Ìtàn Amẹ́ríkà, a fi í sílẹ̀ di kíláàsì kejìlá.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀: gbàrà tí ọmọ bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òfin FERPA ti gbé àṣẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, ì báà má tíì pé ọdún 18. Kò di dandan kí olùkọ́ dá òbí lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe tíṣà lórí fóònù, ẹ ti gbọ́ o. Àròkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ padà wá pẹ̀lú B, olùkọ́ fi pupa kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹ̀rí tó mú wá nínú ìpínrọ̀ kẹta kò tó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kọ ímeèlì sí i." Mo ní rárá, ìwọ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ̀. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì, A ni wọ́n sì fún un nígbà tí sáà parí.

Orí tábìlì ilé ìdáná la ti ń ṣe kálíkúlọ́ọ̀sì. Ìbéèrè 45 ló ní ABCD nínú ìdánwò yẹn, 30 àkọ́kọ́ kò sì gba kalikulétọ̀. Mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ti ń dánra wò, àbúrò rẹ̀ á máa wo aago. Oṣù Keje ni máàkì jáde: 4 nínú kálíkúlọ́ọ̀sì, 3 nínú kẹ́mísìrì. Rice ò ní ka 3 yẹn sí, àwọn yunifásítì ìjọba á wò ó.

Bẹ́ ẹ bá ti dé ibi tí a dé yìí, ẹ rántí pé high school kò ní bá yín fi transcript kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́. Ọmọ ló máa béèrè fún un lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yunifásítì tó bá yàn. Máàkì AP náà, lórí ìkànnì College Board ló ti máa fi í ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 20 Oṣù Kẹfà ni wọ́n sì ti máa ń tì í pa.