Ìtọ́jú ìlera fún àgbà tó ń gbé ìgbèríko: ohun tí ẹ ó ti ṣe sílẹ̀ nílé

Ọ̀nà jíjìn nìkan kọ́ ló ń dá àgbàlagbà ìgbèríko lóró. Èyí tó ń dunni jù ni kéèyàn gbéra láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n ní kó padà wá torí pé ó ti jẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, tàbí torí pé dókítà ojú kì í wá lọ́jọ́ náà. Láti ilé ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ pe ibẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó lọ. Ẹ béèrè bóyá dókítà tí ẹ fẹ́ rí máa wà, bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ẹ gbọ́dọ̀ wá láìjẹun. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun, wákàtí 8 ni ó kéré tán, omi nìkan lẹ lè mu. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó máa ṣe sí oògùn àárọ̀ ọjọ́ náà, torí bó bá lò ó láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójú ọ̀nà. Kó di oúnjẹ àti ṣúgà dání. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, kó po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́ omi, kó mu ún, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì rọlẹ̀, kó tún mu.

Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó àyẹ̀wò ojú, ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀ sọ́jọ́ kan. Oògùn tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì ti tó wá òmíràn sí.

Ẹ kọ gbogbo oògùn yín sójú ìwé kan: orúkọ bó ṣe wà lára páálí, ìwọ̀n rẹ̀ (5mg yàtọ̀ sí 10mg o), àsìkò tí ẹ ń lò ó, àti èyí tí kì í bá ara yín mu. Egbòogi àti oògùn ìrora tí ẹ fúnra yín rà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ti egbòogi pa mọ́ fún dókítà. Àṣìṣe gbáà ni. Ibuprofen lásán, tó jẹ́ oògùn ìrora, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kó sì pa kíndìnrín lára.

Ẹ̀rọ ìfúnpá, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń dè mọ́ apá sàn ju èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ lọ. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ara apá gan-an ni kí ẹ dè é mọ́, kì í ṣe orí aṣọ, kí ẹ sì gbé apá náà lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Apá tó bá rọ̀ wálẹ̀ máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Dókítà lè fi àkọsílẹ̀ yìí ṣiṣẹ́ lórí fóònù, kí ìrìn kan dín kù. Bí ó bá máa ń tó 135/85 nílé, ẹ sọ fún un. Bó bá di 180/120 tí àyà ń dunni tàbí tí ojú ń ṣú, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tí apá kan kò ṣe é gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì fún rọpárọsẹ̀, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni gbèdéke rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, wọ́n sì ń kà á láti ìgbà tí wọ́n rí aláìsàn náà kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá. Ibi tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ni kí ẹ máa gbé e lọ, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ ibẹ̀ látòní. Ẹ má fún un ní omi, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má fún un ní aspirin pẹ̀lú: bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́ nínú orí, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa dà.

Awakọ̀ méjì ni kí ẹ bá ṣàdéhùn, torí ọ̀kan lè má sí nílé lóru. Ẹ fẹnu kò sórí owó òru ṣáájú, kí ẹ yà á sọ́tọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í bá wọnú ilé, ẹ wá ibi tó ti ń wọlé, kí gbogbo ará ilé mọ ibẹ̀, títí kan ọmọdé. Kí nọ́ńbà àwọn awakọ̀ náà sì wà lára ògiri ní gàdàgbà, bí ojú àgbà ṣe lè kà á láìlo awò.