Bí A Ṣe Kọ Ìwé Owó Ìrànwọ́ Tó Gbé Ẹ̀fọ́ Ìkòròdú Dé Yábàá

Àwọn àgbẹ̀ tí mo bá kọ ìwé tí wọ́n fi béèrè owó ìrànwọ́ kì í jó ilẹ̀, wọn kì í sì í fọ́n oògùn apakòkò. Ẹ̀yìn Ìkòròdú ni oko wọn wà. Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bo ebè, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà ni ajílẹ̀ wọn, wọ́n sì máa ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo kí ilẹ̀ lè sọjí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ata rodo, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe dáadáa. Ọjà ni kò ṣe dáadáa. Alárobọ̀ á dé oko ní ìdájí, á dá iye tó wù ú, á da ẹ̀fọ́ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń fọ́n oògùn, ó di Máìlì 12.

Àǹtí mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àjọ kan ń fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lówó kí wọ́n lè rí ọjà nítòsí, èmi ni wọ́n ké sí, torí pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú.

Ìwé ẹgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n sì ní àkáǹtì tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Bí èyí ò bá sí, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa san owó ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì alága?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ oko. Mi ò ní kí wọ́n kọ ohunkóhun. Mo ní kí olúkúlùkù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: kí lẹ gbìn, ta lẹ tà á fún, kí ló bàjẹ́? Èmi wá ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lóru. Bàbá kan sọ pé láti ìgbà tí àwọn ti ń fi koríko bo ebè, ibi tí àwọn ti ń bomi rin lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ti tó o. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ìlérí ńláńlá ti sú àwọn tó ń ka irú ìwé báyìí.

Ibi tó le ni bí a ṣe máa fi hàn pé lóòótọ́ ni wọn kì í lo oògùn. Owó gọbọi ni ìwé ẹ̀rí àwọn iléeṣẹ́ ayẹ̀wò, apá àgbẹ̀ kéékèèké ò ká a. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní PGS, tí IFOAM, àjọ àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlóògùn, ń tì lẹ́yìn. Àwọn àgbẹ̀ á máa yẹ oko ara wọn wò, àwọn oníbàárà náà á bá wọn lọ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ìyẹn la kọ pé a máa ṣe, a sì fi owó ọkọ̀ àwọn oníbàárà náà sínú ìṣirò.

Ní ti ọjà, ẹ kúkú mọ̀ pé ọjà Òyìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun máa kó ẹ̀fọ́ lọ sí “ọjà Èkó” kò tíì sọ nǹkan kan. Ta ni kò ní rí ẹ̀fọ́ sè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pa jẹ? Àwọn yẹn ni mo wá kiri láti Yábàá dé Ṣùúrùlérè. Ìyá olóúnjẹ kan ní Ojúẹlẹ́gba ní àwọn máa gbà, bí ẹ̀fọ́ bá lè dé kí aago méje àárọ̀ tó lù. Mo kọ lẹ́tà ní Yorùbá pé wọ́n máa gbà á, wọ́n buwọ́ lù ú, mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà kan kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ níbẹ̀ á san owó ẹgbẹ́ ọjà bíi ti gbogbo èèyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kọ owó náà sínú ìṣirò, wọ́n fún wa ní lẹ́tà.

Ìṣirò yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ fẹ́. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, láti oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba Èkó ti lé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí títì márosẹ̀ Ìkòròdú. Alága ní àwọn kan ṣì ń gbà á lóru. Mo ní, ẹ̀yin bàbá, ṣé ìyẹn náà la máa kọ sínú ìwé? Wọ́n rẹ́rìn-ín. A fẹnu kò sórí kọ́rópe háyà, a sì ya owó epo sọ́tọ̀, torí láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, iye tí awakọ̀ dá lónìí kì í ṣe iye tó máa dá lóṣù tó ń bọ̀. Kéréètì oníke ló tẹ̀ lé e, nítorí pé ata tó bá wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kì í dé Kétu láìfọ́.

Àjọ tó ń fúnni lówó náà ní kí ẹgbẹ́ mú ìdá tiwọn wá. Owó ò sí, àmọ́ wọ́n ní àtíbàbà onípáànù lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́ jọ. A díye lé e, wọ́n gbà á.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé wa, wọ́n kàn gé owó ìpolówó kúrò ni, kò sì dùn mí. Apá kan owó ti wọlé. Ìyókù di ìgbà tí a bá kó rìsíìtì ohun tí a ná sílẹ̀. Awakọ̀ kọ́rópe, rìsíìtì kẹ̀! Àǹtí mi lé wọn títí. Mo wá tẹ ìwé pélébé kan fún wọn, iye owó, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìbuwọ́lùwé péré ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá kọ ọ́ kò ní gba owó.