Bí mo ṣe to lẹ́yà SKY130 sínú KLayout, àti owó tó bá a lọ

₦15,000 ni mo san. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí ó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n kan ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ní àwọn ní fáìlì tó ti to gbogbo lẹ́yà (ìpele àwòrán) SKY130, ìyẹn àkójọ òfin àti lẹ́yà fún yíya ṣíípù, sílẹ̀ fún KLayout, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yà á, pé kí n ṣáà gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi, iṣẹ́ parí. Mo gbé e síbẹ̀. Àwọ̀ jáde dáadáa, orúkọ lẹ́yà pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo wá fi ń tún sákíìtì tí kò ní àbùkù kankan yà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé KLayout sórí kọ̀ǹpútà, ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ ni. SKY130 náà, ọ̀fẹ́ ni láti 2020 tí Google àti SkyWater ní Amẹ́ríkà ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Inverter ni mo yà, sákíìtì tó ń yí 1 sí 0, tó sì ń yí 0 sí 1: tíránsísítọ̀ méjì péré, PMOS lókè, NMOS nísàlẹ̀. A ló ń wọlé, Y ló ń jáde. Mo ní kí KLayout tọ ipa Y fún mi, mo sì kílíìkì. Y nìkan ló yẹ kó tàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn gun òkè títí dé VPWR, wáyà tó ń gbé iná wọlé, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ dé VGND, wáyà ilẹ̀ (ground). Bí ti Y bá rí báyìí, a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti bírìjì.

Ta ni yóò rí irú ìyẹn tí kò ní fura sí ọwọ́ ara rẹ̀? Mo wọn àlàfo tó wà láàárín wáyà kan sí èkejì, ó pé. Mo sún àwọn ihò tó so lẹ́yà kan mọ́ èkejì kúrò lára wọn, mo kílíìkì, gbogbo rẹ̀ tún tàn. Iná ò sí lóru ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn, lítà márùn-ún bẹntiróòlù jó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìgbà kẹta, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ewé òfìfo. Kò yàtọ̀.

Níkẹyìn mo sún mọ́ ọn títí NMOS kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Poly pupa, tóóró, òun ni gate tó ń ṣí tíránsísítọ̀ tó sì ń pa á; ó dábùú diff aláwọ̀ ewé, ibi tí iná ń gbà kọjá. Diff ò gé lábẹ́ poly. Odindi ni, láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Abẹ́ gate gan-an ni KLayout ń gbà kọjá!

Aláró ni ìyá wa àgbà. Bí wọ́n bá ń ṣe àdìrẹ oníko, wọn kì í gé aṣọ. Ikó ni wọ́n fi ń dì í, ibi tí ikó bá sì dì, aró kì í wọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣíípù náà nìyẹn. Odindi ni wọ́n ń ṣe diff, wọ́n á tẹ́ poly lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó fi èròjà tó ń sọ ọ́ di source àti drain, apá méjèèjì tíránsísítọ̀, sí i. Poly ló ń bo ibi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí ṣíípù, ọ̀tọ̀ ni source, ọ̀tọ̀ ni drain. Nínú fáìlì GDS, ìyẹn fáìlì àwòrán ṣíípù, abala kan náà ni àwọn méjèèjì, 65/20, nọ́ńbà lẹ́yà diff. Ẹni tó bá wá sọ fún KLayout pé wáyà ni 65/20, ó ti sọ fún un pé wáyà lásán ni tíránsísítọ̀. Ohun tí fáìlì tí mo rà sọ gan-an nìyẹn: 65/20, 66/44, 67/20, pé diff gba ihò 66/44 lọ sí wáyà 67/20.

Mo ṣí Connectivity, ibi tí a ti ń sọ lẹ́yà tó so mọ́ lẹ́yà wo, mo bọ́ sí Symbols, mo kọ SD síbẹ̀, mo sì kọ 65/20-66/20 sí iwájú rẹ̀: diff, kí ẹ yọ poly kúrò. Mo padà wá fi SD rọ́pò 65/20. Ìlà kan péré! Mo kílíìkì Y. Ìmọ́lẹ̀ dé etí poly, ó dúró síbẹ̀ gbọnrangandan. Mo pariwo lóru yẹn débi pé wọ́n kan ilẹ̀kùn mi.

Àwọn yòókù ò le. Poly, 66/20, gba 66/44 lọ sí 67/20, ìyẹn li1, wáyà tó wà nísàlẹ̀ jù; li1 gba 67/44 dé met1, wáyà irin àkọ́kọ́, 68/20; met1 gba 68/44 dé met2, 69/20. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn. 44 sábà máa ń jẹ́ ihò, àmọ́ 65/44 kì í ṣe ihò, tap ni, ibi tí a ti ń so ara sílíkọ́nì mọ́ wáyà iná tàbí wáyà ilẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ gba 66/44 dé li1. 68/20 ni met1 fúnra rẹ̀. 68/16 jẹ́ ti pin, ibi tí wáyà ìta ti ń so mọ́ sákíìtì, 68/5 jẹ́ ti orúkọ. Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, inverter kan ni mo máa fi dán fáìlì ẹnikẹ́ni wò kí n tó yọ owó. Bí Y bá tàn dé VPWR, mi ò ní fọwọ́ kan àwòrán mi.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ẹ̀gbọ́n yẹn, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn tó kàn fẹ́ wo àwọ̀ ni àwọn ń tà á fún, wọ́n sì ní kí n fún àwọn ní èyí tí mo tún ṣe. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá ₦15,000 mi padà.”