Bí Mo Ṣe Wá Ètò Tó Wà Nídìí Pọ́ọ̀tù Kọ̀ọ̀kan Lórí Kọ̀ǹpútà Alhájà

Alhájà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ló ní kí n wá bá òun wo kọ̀ǹpútà òun. Àwọn tó ń ṣe JAMB, àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé NIN jáde, àwọn tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ lọ, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n lo Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n bá ń dúró.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ṣé kò lè máa rí inú kọ̀ǹpútà mi báyìí?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná, Alhájà. Mi ò fẹ́ fẹnu lásán dá yín lóhùn."

Ubuntu (irú Linux kan, tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe) ló wà lórí kọ̀ǹpútà náà, inú MySQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìwé owó sí. Pọ́ọ̀tù dà bí ojúlé: nọ́ńbà wọn lọ títí dé 65535, ètò tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì á jókòó sí ọ̀kan, á máa retí àlejò. Ètò tó jókòó sí ojúlé kọ̀ọ̀kan ni mo ń wá. Àṣẹ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ rèé:

sudo ss -tulpn

t ni TCP, u ni UDP, ọ̀nà méjì tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn lórí nẹ́tíwọ̀kì; l ní kó mú kìkì àwọn tó ń retí àlejò wá; p ní kó sọ orúkọ ètò; n ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fo sudo o, òun ló ń fún yín ní agbára alákòóso. Láìsí i, ètò tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ kò ní í fi orúkọ hàn, ibi tí ẹ nílò jù ló máa ṣófo. Ìlà kan nínú èyí tó jáde nìyí:

tcp LISTEN 0 151 0.0.0.0:3306 0.0.0.0:* users:(("mysqld",pid=1184,fd=23))

3306 lojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ. Èmi, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni mo máa ń wò. 0.0.0.0 ń sọ pé gbogbo ọ̀nà tí nẹ́tíwọ̀kì gbà wọ kọ̀ǹpútà náà ni mysqld, ìyẹn ètò MySQL, ti ń gbọ́, Wi-Fi oníbàárà ò sì yọ sílẹ̀. Ká ní 127.0.0.1 ni, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n á ti lè bá a sọ̀rọ̀. Bí CUPS tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe wà ní 631 nìyẹn, mo sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ìlà tó dá mi dúró ni ti 8000. Python3 ló wà níbẹ̀, lórí 0.0.0.0. Àwọn kan á lọ ka /etc/services, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Orúkọ tí wọ́n fi nọ́ńbà náà sí lákọsílẹ̀ ni fáìlì yẹn mọ̀, kò mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀ lónìí. Orúkọ Python3, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò, kò tíì sọ nǹkan kan, torí àìmọye ètò ló ń gba orí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo mú PID rẹ̀, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi dá ètò náà mọ̀, 2231, mo bi í léèrè síwájú:

sudo ps -fp 2231
sudo readlink /proc/2231/cwd

Ti àkọ́kọ́ dáhùn pé python3 -m http.server 8000 ni. Ìkejì fi fódà tó ń pín fún aráyé hàn mí: ibi tí wọ́n ń kó ìwé oníbàárà sí tí wọ́n bá ti yà á sórí kọ̀ǹpútà.

Mo fi fóònù mi wọ Wi-Fi oníbàárà, mo tẹ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú :8000. Fáìlì tò lọ bẹẹrẹ: NIN, èsì WAEC, ìwé ilẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn tó fọkàn tán ṣọ́ọ̀bù yìí ló ni àwọn ìwé náà. Mo gbé fóònù fún Alhájà.

"Yéè! Ìwé ilẹ̀ bàbá àná yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Tì í. Tì í báyìí-báyìí."

Pípa ètò náà nìkan kò tó, torí ohun tó ń jí i lè tún un jí. Mo tẹ systemctl status 2231, ó ní abẹ́ cron.service ló wà, ìyẹn ètò tó ń jí ètò mìíràn lákòókò tí wọ́n bá dá fún un. Mo wá tẹ crontab -l, mo rí ìlà @reboot (tó ń jí ètò nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn) tí ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí kọ sílẹ̀, bóyá láti máa fi gbé fáìlì lọ sórí fóònù. Mo pa ìlà náà rẹ́, kí n tó wá pa ètò náà. Ti MySQL, mo sọ bind-address, àdírẹ́sì tó ti ń gbọ́, di 127.0.0.1 nínú fáìlì ìṣètò rẹ̀, mysqld.cnf, mo sì tẹ sudo systemctl restart mysql.

Bí Windows ni tiyín, netstat -ano ni kí ẹ tẹ̀. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà ni PID. Ẹ fi tasklist /svc wo orúkọ rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ svchost.exe, torí iṣẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ ìyẹn lè pọ̀.

Mo wá lọ jókòó síbi tí oníbàárà ń jókòó sí, mo fi nmap -p-, tó ń kan gbogbo pọ́ọ̀tù TCP wò láti ìta, yẹ kọ̀ǹpútà náà wò láti orí láptọ́ọ̀pù mi. 22 nìkan ló kù, ti SSH tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ibòmíì, Alhájà kò sì lò ó rárá. Ubuntu tuntun ni, nítorí náà ssh.service àti ssh.socket ni mo jọ dá dúró. Socket yẹn ló ń di pọ́ọ̀tù mú. Mo tún nmap ṣe, kò rí pọ́ọ̀tù kankan tó ṣí mọ́.